Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Àdáṣe

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ Ìdànrè ní àkókò ìkórè, kí ojú rẹ̀ tó rí òkè ni imú rẹ̀ yóò ti gbọ́ òórùn kòkó tí a sá sí ẹ̀bá títì. Ní Òdóde, ní Àládé àti ní Atósìn, kòkó ni a fi kọ́ ilé, kòkó ni a fi fẹ́ ìyàwó, kòkó ni a sì fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ń ka ojú ìwé wa yìí ni ó jẹ́ pé owó kòkó baba wọn ni ó sọ wọ́n di ẹni tí a ń pè ní Tíṣà. Nítorí náà, bí ọ̀ràn kan bá fẹ́ dé bá kòkó, ọ̀ràn gbogbo wa ni.

Ọ̀ràn náà sì ti dé. Ní ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù December, 2020, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn mọ́. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kó kòkó lọ gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba ibi tí oko tí a ti já a wà lórí ilẹ̀ ayé. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, àmì ojú kan péré tó fún un. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti ya ààlà rẹ̀ yí ká. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2024. Wọ́n sún un sí ìparí 2025. Nígbà tí ìyẹn náà ku sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún sún un sí December 2026 fún àwọn oníṣòwò ńlá. Àwọn kan nínú wa ti ń rẹ́rìn-ín pé bí wọn yóò ti máa sún un títí láé nìyẹn. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá sọ fún pé òjò ń bọ̀, tí ó jókòó tí ó ń ka iye ìgbà tí ó ti ṣú tí kò rọ̀, kòkó rẹ̀ tí ó sá síta ni yóò jìyà rẹ̀.

Irú àkọsílẹ̀ báyìí kò ṣeé kọ sínú ìwé olójú-ewé ogójì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ètò kọ̀ǹpútà ni yóò gbà á: ètò tí yóò wà lórí fóònù, tí ẹni tí ń lọ láti oko dé oko yóò fi gba orúkọ olóko, ibi tí oko wà, iye àpò tí ó tà àti ẹni tí ó tà á fún, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì wà ní ìpamọ́ níbi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni yóò ṣe ètò náà? Bí ó bá jẹ́ àwọn ará òkè òkun ni, a óò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ìwé ilẹ̀ baba wa yóò sì wà nínú àpótí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni láti Ìdànrè sí Àkúrẹ́ kò gba ọkọ̀ ní wákàtí kan, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FUTA, sì wà níbẹ̀ láti 1981. Ó ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ni ní software engineering, èyíinì ni ìmọ̀ bí a ti í ṣe ètò kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbẹ́kẹ̀ lé, tí kò sì ní í dójú tì wọ́n.

Àwa kò ṣiyè méjì pé àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Àkúrẹ́, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Èkó ní ọpọlọ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni bí a ti ń kọ́ wọn.

Ẹ wo bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ Yunifásítì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ èdè kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta, yóò sì fi ìwé àti bíró ṣe ìdánwò wọn. A mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù sórí ìwé ìdánwò, tí olùkọ́ sì ń fi bíró pupa wá ibi tí àmì kékeré kan ti sọnù. Nígbà tí ó bá di ọdún ìkẹyìn, òun nìkan yóò yan àkòrí kan, òun nìkan yóò ṣe ètò kékeré kan, yóò kọ ìwé olórí márùn-ún lé e lórí, yóò gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò fi páálí líle di ìwé náà, wọn yóò sì gbé e sórí pẹpẹ. Ó parí. Kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò lo ètò náà ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, ọmọ mìíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan náà láti ìpìlẹ̀, bí ẹni pé a kò ṣe é rí láyé.

Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá. Láti kíláàsì kìíní ni a ti ń sọ fún ọmọ pé: fi ọwọ́ bo ìwé rẹ, ẹni tí ó bá wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀, olè ni. Ọ̀rọ̀ náà dára nínú ìdánwò ìṣirò, a kò sì sọ pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá wọ ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò ní kí ó ṣe ni pé kí ó ka kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, kí ó tún ibi tí kò dára ṣe, kí ó sì gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ohun tí a ti ń pè ní olè láti kékeré rẹ̀ ni ó di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀?

Ohun tí a ń bèèrè fún kò ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ Ìdànrè. Kí owó tó di ohun tí a fi ń gba lébìrà, ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ń gbà kó ọwọ́ jọ sí oko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún yóò bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò gún iyán, yóò gbé ẹmu kalẹ̀, wọn yóò sì wá bá a ṣe é. Èkejì ni àáró: bí ènìyàn mẹ́fà bá jọ ń ṣe àáró, oko lágbájá ni òní, oko tàmẹ̀dù ni ọ̀la, títí tí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá wá sí oko ẹnìkejì rẹ̀, kí ó má retí ẹnikẹ́ni ní oko tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rán ọmọdé wá dípò ara rẹ̀, ọmọdé ni wọn yóò rán sí òun náà. Nínú àáró, gbogbo ènìyàn mọ ohun tí olúkúlùkù ṣe, nítorí pé lójú gbogbo ènìyàn ni ó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí, ọ̀wẹ̀ ni, ọ̀wẹ̀ tí ó tilẹ̀ burú. A óò kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá jọ; ọ̀kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn yóò fi òru ṣe iṣẹ́; ọ̀kan yóò san owó títẹ̀; àwọn mẹ́jọ ìyókù yóò kọ orúkọ wọn sí i, gbogbo wọn yóò sì gba máàkì kan náà. Ẹnìkan ni ó ro oko, gbogbo ìyókù ni ó jẹ iyán. Nígbà tí olùkọ́ kan bá wá sọ fún wa pé iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, a kò lè bá a jiyàn, nítorí pé òdodo ni ó ń sọ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó dán àáró wò.

Ẹ sì jẹ́ kí a wo kòkó fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ń já a, ẹnìkan ń ṣà á jọ, ẹnìkan ń fọ́ ọ, ẹnìkan ń bò ó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ bí i márùn-ún tàbí mẹ́fà kí a tó sá a. Bí ẹni tí ó bò ó kò bá bò ó dáadáa, tàbí tí ó gbàgbé láti yí i padà, iṣẹ́ rere àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wọ gbẹ́: ẹni tí ń yẹ kòkó wò yóò là á sí méjì, yóò rí inú rẹ̀, yóò sì tì í sápá kan. Kò ní í bèèrè ta ni ó já a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà ńlá rí. Ibi tí iṣẹ́ ẹnìkan ti kan iṣẹ́ ẹnìkejì ni ó ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tí ó ń dá ṣe ìwé rẹ̀ nínú iyàrá kò ní í dé láéláé.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà kò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní October 1968, nǹkan bí àádọ́ta onímọ̀ pé jọ sí ìlú Garmisch ní Jámánì, nítorí pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà ńlá ìgbà náà ń pẹ́ ju àdéhùn lọ, owó wọn ń ga ju bí a ti rò lọ, wọ́n sì kún fún àṣìṣe. Ìpàdé yẹn ni ó sọ orúkọ náà, software engineering, di ohun tí gbogbo ayé ń pè. (Kí a má ṣe gbàgbé pé ní 1963, ọdún márùn-ún ṣáájú ìpàdé náà, ilé iṣẹ́ IBM ti dá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. A kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó sójú kan ni ó pa wá lára.) Ọ̀kan nínú àwọn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi ojú wọn rí màbo ni Frederick Brooks, tí ó ṣe olórí fún ètò tí a ń pè ní OS/360 ní IBM. Ó tẹ ìwé kan jáde ní 1975, The Mythical Man-Month, nínú èyí tí ó ti fi hàn pé bí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́, tí a tún kó ènìyàn sí i, ńṣe ni yóò túbọ̀ pẹ́. Nítorí pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní láti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn yóò sì máa bá ara wọn sọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Kíkó ènìyàn jọ nìkan, nígbà náà, kò tíì di àjùmọ̀ṣe. Ọkùnrin yìí kan náà ti di olùkọ́ ní Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ikọ̀ kéékèèké, tí ó sì ń wá oníbàárà tòótọ́ fún wọn, kí wọ́n lè ṣe ètò tí ẹnìkan ń fẹ́ ní ti gidi.

Ní ọjọ́ 23 oṣù September, 1999, Amẹ́ríkà pàdánù ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n rán lọ sí ayé Mars, tí iye owó rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ ìṣirò. Ikọ̀ kan fi òṣùwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà àtijọ́ ṣe ìṣirò agbára ẹ̀rọ rẹ̀, ikọ̀ kejì gbà á bí ẹni pé òṣùwọ̀n mítà ni. Iṣẹ́ wọn kan ara wọn, kò sí ẹni tí ó bèèrè.

Bí ìyẹn bá jìnnà sí wa, ti JAMB kò jìnnà. Ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí èsì ìdánwò ìwọlé sí Yunifásítì ti jáde, tí àwọn òbí àti olùkọ́ ti ń pariwo pé ohun tí àwọn rí kò bá ohun tí àwọn mọ̀ nípa àwọn ọmọ wọn mu, àjọ náà yẹ ìwé wò, ó sì jẹ́wọ́ ní oṣù May pé àṣìṣe wà. Àtúnṣe kan tí ó yẹ kí a fi sí gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń gbé ìdánwò jáde ni a kò fi sí àwọn ti ìhà Èkó àti ti ìhà Ìlà-Oòrùn Gúúsù, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí èsì tó jáde. Àwọn ọmọ 379,997, ní ibùdó ìdánwò 157, ni ọ̀ràn náà kàn, a sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, da omijé lójú àwọn oníròyìn. Àwa gbóríyìn fún un pé ó jẹ́wọ́, nítorí pé ìjẹ́wọ́ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó wà nípò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rò ó wò: ọmọ tí ẹ kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí ẹ mọ̀ pé ó mọ̀wé, ni ó gba máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú ikọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bèèrè pé, "Ṣé a ti fi sí ti gbogbo ibi?" Ìbéèrè yẹn kò sí nínú èdè kọ̀ǹpútà kankan. Inú àjùmọ̀ṣe ni a ti ń kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn máàkì. A kò fẹ́ fò ó, nítorí pé òun ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ bi wá. Ikọ̀ ẹlẹ́ni-márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó tọ́. Bí ó bá ti di mẹ́wàá, àwọn kan yóò rí ibi sá pamọ́ sí. Kí ìdajì máàkì jẹ́ ti iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ ṣe, kí oníbàárà tí wọ́n ṣe é fún sì ní ohùn nínú rẹ̀. Kí ìdajì kejì jẹ́ ti olúkúlùkù. Fún èyí, irinṣẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ń lò, tí a ń pè ní Git, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣe ní 2005. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ni ó yí ìlà báyìí padà, ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí. Ó dà bí akọ̀wé àáró tí kì í sùn. Síbẹ̀ kí olùkọ́ má ṣe ka ìlà kóòdù bí ẹni ń ka ebè, nítorí pé ẹni tí ó pa ọgọ́rùn-ún ìlà tí kò wúlò rẹ́ lè ti ṣe iṣẹ́ ju ẹni tí ó kọ ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rẹ́ sì lè bá ọ̀rẹ́ kọ tirẹ̀. Nítorí náà, kí ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó tọ́ka sí ibi kan nínú ètò wọn, kí ó sì wí pé: ṣàlàyé èyí fún mi. Ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan yóò dákẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ sí olùkọ́ nípa ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ mọ ọ̀lẹ àárín wọn ju bí olùkọ́ ti lè mọ̀ ọ́n lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùkọ́ là ojú sí. Bí a bá pín ikọ̀ tí ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi sọ ọ́ di akọ̀wé ìpàdé, tí yóò máa tẹ ìwé tí yóò sì máa tún un tẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà nídìí kóòdù. Kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Yóò kàn ṣẹlẹ̀ ni. Kí iṣẹ́ máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́: ẹni tí ó lọ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, kí ó kọ kóòdù ní oṣù tí ń bọ̀, kí ó sì dán iṣẹ́ ẹlòmíràn wò ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sì jà, kí olùkọ́ má ṣe yára tú ikọ̀ náà ká. Ìjà yẹn wà lára ohun tí wọ́n wá kọ́.

A ti dárúkọ oníbàárà. Ta ni yóò jẹ́? Ibí ni a ti fẹ́ padà sí Ìdànrè. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ikọ̀ ọmọ mẹ́fà kan ti Àkúrẹ́ dé pẹ̀lú fóònù wọn láti ṣe àkọsílẹ̀ oko kòkó. Ní oko kìíní ni wọn yóò ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n rò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Olóko ní oko mẹ́ta: ó jogún ọ̀kan, ó ra ọ̀kan, ó sì ń dá ọ̀kan lórí àdéhùn pẹ̀lú onílẹ̀. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìkẹta? Orúkọ tí ó wà lórí káàdì rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé ẹ̀yìn òkè, ètò tí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti kú kí ó tó dé ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan kò rí lẹ́tà kéékèèké inú fóònù. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n wọ oko òun, nítorí pé àwọn kan wà tí oko wọn ti wọ inú igbó ọba, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìwé tí àwọn ọmọ yìí ń kọ ni ìjọba yóò fi wá lé òun jáde. Kí ni kí ọmọ kọ̀ǹpútà sọ fún un? Ta ni yóò rí àkọsílẹ̀ náà, ta ni kò gbọdọ̀ rí i? Bí ikọ̀ náà kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú òtítọ́, ètò wọn kò tíì yẹ ní lílò, bí ó ti wù kí kóòdù rẹ̀ dára tó. Kò sí ìwé olórí márùn-ún tí yóò kọ́ ọmọ ní ohun tí bàbá yẹn yóò kọ́ ọ láàárín ìdajì wákàtí, lórí àpótí, lábẹ́ igi kòkó.

Àti pé iṣẹ́ irú èyí kì í parí pẹ̀lú ọdún ẹ̀kọ́. Ikọ̀ tí ń jáde ní láti fi í lé ikọ̀ tí ń wọlé lọ́wọ́. Àwa yóò fẹ́ kí olùkọ́ ṣe é ní òfin pé a kò ní í fún ikọ̀ kankan ní máàkì rẹ̀ pé, àfi bí àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn bá lè mú ètò náà, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì ṣe àtúnṣe kan sí i láìpe ẹni tí ó kọ ọ́ lórí fóònù. Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìlú ìsàlẹ̀ ní 1923, wọ́n fi àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 sílẹ̀, ẹsẹ̀ wa sì ṣì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ń ṣe kì í lo ọdún kan.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò SIWES, tí ó ti wà láti 1973, tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni ó ń lo oṣù wọ̀nyẹn nídìí ẹ̀rọ tí ń da ìwé kọ, tí wọ́n sì ń lọ ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Àwọn mìíràn yóò sọ pé NUC kò gbà. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní ìparí 2022 fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún Yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún un, ó sì gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ lè dá iṣẹ́ ìkẹyìn ṣe tàbí kí ó bá ẹgbẹ́ ṣe é. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a kò gbé. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì yóò sọ pé iṣẹ́ àwọn ti pọ̀ jù, a sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá jẹ́ 150, ìwé 150 ni a ń kà báyìí. Bí a bá pín wọn ní mẹ́fà mẹ́fà, iṣẹ́ 25 ni. Àkókò tí a bá jèrè níbẹ̀ ni kí a fi máa bẹ ikọ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ó ṣòro jù ni ìdaṣẹ́sílẹ̀. Irú ti 2022, tí ó gba oṣù mẹ́jọ láti February dé October, yóò fọ́ irú iṣẹ́ báyìí yángá, nítorí pé kòkó kì í dúró de ASUU, kì í sì í dúró de ìjọba. Lórí èyí, ìjọba ni a dá lẹ́bi ju olùkọ́ lọ, a kò sì fi bò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa tẹ̀ lé, a ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, kò sí olùdíje tí kì í ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ̀dọ́. Wọn yóò kó kọ̀ǹpútà alágbèéká wá, wọn yóò ya àwòrán, wọn yóò kọ orúkọ sára ilé tuntun. Ìjọba Àpapọ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, iye náà sì dùn mọ́ etí. Ẹ rántí 1955. Nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún náà, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 lọ sí iye tí ó ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé àti bẹ́ńṣì kò lè kọ́ ọmọ. Wọ́n ti ń ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni káàkiri kí ọjọ́ náà tó dé. Nítorí náà, bí olùdíje kan bá wá bá yín ní Ìdànrè pẹ̀lú ìlérí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe bi í pé mélòó. Ẹ bi í pé: ta ni yóò kọ́ wọn, ètò wo ni àwọn ọmọ náà yóò jọ ṣe, ta ni yóò lò ó, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Bí ó bá ń wo ojú sánmọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ má ṣe dúró de Yunifásítì. Bí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ ẹyọ kan fún ogójì ọmọ, ìdí kan sí i nìyẹn láti kọ́ wọn ní ikọ̀: kí ọ̀kan jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí ọ̀kan máa ka ohun tí ó ń tẹ̀, kí ọ̀kan máa wá àṣìṣe, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n ṣe ètò kékeré kan tí ẹnìkan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yóò lò, ì báà jẹ́ ìwé àwọn tí ó yá ìwé kà tàbí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Kí ẹni tí yóò lò ó sì fúnra rẹ̀ wá sí kíláàsì wá sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò pọ̀. Kí àwọn olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ olóko kòkó Ìdànrè àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ikọ̀ kan, oko mẹ́wàá, àti ẹni tí yóò pa àkọsílẹ̀ náà mọ́. Kí kòkó ńlá tí ń bọ̀ tó pọ́n, ó yẹ kí àwọn ọmọ náà ti rìn yí ààlà oko mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ká, kí wọ́n ti gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ojúde olóko kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bi í bóyá ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí nìyẹn lóòótọ́.